Ìwé Àkọsílẹ̀ Ọjọ́bọ̀

Ìwé aláwọ̀ pupa kan báyìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀.
Ojú ewé kìíní: ènìyàn méje, fìtílà kan,
orin méjì, àdúrà tó pẹ́ jù.
Ojú ewé kejì: òjò. A kò pàdé.

Èmi Fẹ̀húntọ́lá ni akọ̀wé ìdàpọ̀ Abà Olókùúta,
lẹ́yìn Òṣogbo, níbi tí ọ̀dà ti parí tí erùpẹ̀ gba ọ̀nà.
Ìdàpọ̀ tí kò nílé, tí kò ní agogo,
abẹ́ ọdán lẹ́yìn àká kòkó Bàbá Jeremáyà la ń jókòó sí,
ẹni tó bá gbé àpótí wá nìkan ni ìdí rẹ̀ kì í kan ilẹ̀.

Ajíhìnrere Oyèéwùmí gun alùpùpù wá láti Òkè-Fìà,
ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò.
A rò pé ìwàásù ló gbé wá.
Ó kà á fún wa bí odi ìlú kan ṣe wó láyé àtijọ́,
ó pa ìwé dé, ó nu ojú, ó ní:
"Èwo ló wó ní tiyín?"

A dákẹ́. Adìẹ kan ń tan ilẹ̀.
Màmá Dọ́káàsì tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí omi ló dáhùn:
"Afárá ni."

Afárá! Igi ọ̀pẹ méjì tó dùbúlẹ̀ lórí odò Àbàtà,
tí àwọn ọmọ wa ń tọ̀ lọ sílé ìwé
bàtà lọ́wọ́, ìwé lórí.
Lóṣù Agẹmọ, Jẹ́mínà ọmọ Àlàdé yọ̀, ó ṣubú.
Omi dá a padà láàyè, kò dá àpò ìwé rẹ̀ padà.
Látìgbà náà, bí tíṣà bá ní kó ka "omi",
ètè rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Ojú ewé kẹsàn-án: ìjà.
Arákùnrin Gbọ́láhàn ní ilé àdúrà ló kàn,
"Ṣé abẹ́ igi la ó máa bá Ọlọ́run gbé títí ni?"
Màmá Dọ́káàsì ní, "Abẹ́ igi kúkú ni Ábúráhámù ti ṣe É lálejò."
A dìbò. Mo kọ ọ́: mẹ́rìnlá fún afárá,
mẹ́fà fún ilé, ẹnì kan ń sùn.

Ẹ má bi mí bí owó ṣe wọlé.
Igba náírà. Àádọ́ta. Garawa gààrí kan.
Ẹni tí kò lówó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀:
"Mo jẹ gbèsè ọ̀sán méjì, èmi àti ọkọ́ mi."
Gbogbo wa la mọ òwe àgbájọ ọwọ́;
àtẹ́lẹwọ́ tó bó la ń wá.

Lámídì onítípà, tí kì í bá wa gbàdúrà, tó ń kírun,
já yanrìn sílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.
Mo bi í pé kí ni kí n kọ síwájú orúkọ rẹ̀.
"Kọ ọ́ pé ọmọ tèmi náà ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ojú ewé kejìlélógún, n kì í fẹ́ ṣí i.
Alẹ́ kejì tí a da kọnkéré, òjò wá bí ọlọ́pàá,
ó kó pákó, ó kó ìdajì iṣẹ́ lọ.
Bàbá Jeremáyà jókòó létí odò, fìlà lórí itan.
Ẹnikẹ́ni kò dá orin.
Ìgbà náà ni a rí Gbọ́láhàn tó ń bọ̀,
ó ru pákó tó ti ń tọ́jú fún àga ilé àdúrà,
ó wọ inú omi lọ dé àyà.
N kò kọ ohun tó sọ. Kò sọ nǹkan kan.

Afárá náà kò lẹ́wà. Ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn.
Lánàá, Jẹ́mínà dúró láàárín rẹ̀,
ó ṣí ìwé, ó kàwé sókè fún odò,
kò fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ewé mẹ́ta ló kù nínú ìwé yìí.
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin: ọ̀rọ̀ kànga.
Ẹ gbé àpótí yín wá.